Mo Ní Kò Sí Ohun Tó Ṣe Ọkọ̀ Náà

Imú ni mo fi ń tún ọkọ̀ ṣe. Àwọn mẹkáníìkì ẹgbẹ́ mi máa ń dẹ etí sí ẹ́ńjìnì, ṣùgbọ́n èmi á bẹ̀rẹ̀ sídìí sálẹ́ńsà, màá fa èéfín símú díẹ̀, màá sì sọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ náà. Mi ò fi bẹ́ẹ̀ ṣì í. Ìyẹn ló bà mí jẹ́.

Àlímì ni orúkọ mi, Bàbá Ganiyat ni wọ́n máa ń pè mí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n Port Harcourt ni mo ti fi iṣẹ́ jẹun, ní Trans-Amadi, lẹ́bàá ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì àwọn òṣìṣẹ́ kọ́ńpìnnì ń gbà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, mi ò mọ̀wé rárá. Orí mi ti ń funfun kí n tó kọ́ ọ, kò sì sí ẹni tó kọ́ mi. Pátákó ojú títì àti ara agolo ọ́ìlì ni mo fi kọ́ ara mi. Ìdí tí mo fi dààmú ara mi tó bẹ́ẹ̀ á hàn tó bá yá.

Ẹni tí mo ṣẹ̀ ni Mùtíù, àbúrò ìyàwó mi. Memunat, ìyàwó mi, ló ránṣẹ́ pè é láti ilé pé kó wá bá wa. Ó mọ ọkọ̀ wà, kì í sọ̀rọ̀ jù, kì í mutí. Mo bá a wá iṣẹ́ dírẹ́bà lọ́dọ̀ Màdáámù Eunice, obìnrin Ìjẹ̀ṣà kan tó ń se oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn òṣìṣẹ́ kọ́ńpìnnì.

Màdáámù ní òun kì í gba dírẹ́bà tí kò bá ní onídùúró. Mo ní èmi ni onídùúró rẹ̀. Ó ní tí ọmọ náà bá wá ṣe ohun tí kò dáa ńkọ́? Mo ní kó wá mú mi.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Lọ́dún 1993, Màdáámù ra tòkunbọ̀ kan tí wọ́n gba Cotonou gbé wọlé. Ọkọ̀ tó mọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, ó gba ìkòkò ìrẹsì àti ìkòkò ọbẹ̀ láìfún wọn pọ̀. Ṣùgbọ́n kò ní kabúrétọ̀. Ínjẹ́tọ̀ ló ń lò. Nígbà yẹn, àwa tá a kọ́ṣẹ́ lórí kabúrétọ̀ ń wo ọkọ̀ oní-ínjẹ́tọ̀ bí ìgbà téèyàn gba àlejò tí kò gbọ́ èdè ẹni. A ó kí i dáadáa. Ohun tó ń wí ni a ò mọ̀.

Kò pẹ́ tí iná kékeré kan fi bẹ̀rẹ̀ sí tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀. Àwòrán ẹ́ńjìnì ló wà lára iná náà. Mùtíù gbé ọkọ̀ wá bá mi, ó ní iná yìí kì í kú mọ́, òun sì ń gbóòórùn epo lẹ́yìn ọkọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ṣe jẹ́ ká pe Dagogo kó fi mítà wò ó?"

Dagogo ni ríwáyà tó wà lódìkejì títì, ẹni tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ní ọkọ̀ rí mọ bí ọ̀rọ̀ àwa àti àwọn ríwáyà ṣe máa ń rí. Mẹkáníìkì á ní wáyà ló bàjẹ́, ríwáyà á ní ẹ́ńjìnì ni, ọlọ́kọ̀ á wà láàárín, á máa wo ojú àwọn méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni èmi àti Dagogo ti fi wà lórí ìyẹn, a sì ń kí ara wa láràárọ̀.

Mo sọ fún Mùtíù pé mi ò ní pe ríwáyà kankan sí ọkọ̀ tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi.

Mo bẹ̀rẹ̀, mo fa èéfín símú. Lóòótọ́, epo ń rùn níbẹ̀. Mo tú àwọn pílọ́ọ̀gì, gbogbo wọn dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo fọ̀ wọ́n, mo dá wọn padà. Nígbà náà ni mo wọ abẹ́ ọkọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí n kò rí rí. Nǹkan kan bíi pílọ́ọ̀gì ni, wọ́n dè é mọ́ páìpù tí èéfín ń gbà jáde, wáyà sì wà nídìí rẹ̀.

Mo nà sílẹ̀ síbẹ̀, mo ń wò ó. Pílọ́ọ̀gì inú ẹ́ńjìnì yé mi, òun ló ń ṣáná sí epo. Kí wá ni èéfín fẹ́ fi pílọ́ọ̀gì ṣe? Èéfín tó ti jẹun tán, tó ń lọ sílé rẹ̀.

Ohun tó bá ní wáyà, ti ríwáyà ni, òfin iṣẹ́ wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n ara sálẹ́ńsà ni eléyìí wà, èmi ni mo sì ni sálẹ́ńsà. Mo já wáyà rẹ̀, mo fi sípánà tú u. Ohun rúsúrúsú kan bí eérú ti bò ó lórí. Mo jù ú sínú agolo tí mo ń kó nọ́ọ̀tì sí, mo fi bóòtù dí ihò rẹ̀, mo fi téèpù wé ẹnu wáyà.

Iná ojú dáṣíbọ́ọ̀dù ṣì ń tàn. Mo tú dáṣíbọ́ọ̀dù, mo yọ gílóòbù rẹ̀.

Iná kú. Mo ní kí Mùtíù máa gbé ọkọ̀ lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ yọ lábẹ́ ẹ̀?"

"Ohun tí kò wúlò."

Ó ní Màdáámù á bèèrè ògbólógbòó ẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Gbogbo ọlọ́kọ̀ nílùú yìí ló máa ń bèèrè ohun tí mẹkáníìkì bá yọ, kí ojú wọn lè rí i pé lóòótọ́ la pààrọ̀ ẹ̀. Mo dá a lóhùn pé ẹni tó bá pààrọ̀ nǹkan ló ń dá ògbólógbòó padà, èmi ò sì pààrọ̀ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn lẹ́nu mi débi tí mo fi tún un sọ.

Láti ọjọ́ yẹn ni ọkọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí mu epo bí ẹni tó ṣínu ààwẹ̀.

Àsìkò yẹn, epo wọ́n. Ìlú tí wọ́n ti ń fọ epo là ń gbé, a sì ń sùn sí ìdí ilé epo ká tó rí i rà. Ẹni tó bá ní kẹ́ẹ̀gì epo kan lẹ́bàá títì ti di oníṣòwò. Nítorí náà, nígbà tí epo tí Màdáámù ń lò fún ọ̀sẹ̀ kan kò tó o lò dé Ọjọ́rú mọ́, kò ro ti ẹ́ńjìnì. Dírẹ́bà ló rò.

Ó bi Mùtíù léèrè. Mùtíù ní ọkọ̀ ló ń mu ún. Màdáámù ní òun ò tíì rí ọkọ̀ tí òùngbẹ ń gbẹ báyìí rí, àfi tí ẹnì kan bá ń bá a mu nínú ife ẹ̀. Ó ní kí wọ́n lọ pe onídùúró wá.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ ní Elelenwo ni mo ti bá wọn. Mùtíù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Nígbà tó rí mi, ojú rẹ̀ rọ̀, bí ìgbà tí ẹlẹ́rìí èèyàn bá dé. Màdáámù fún mi ní àga.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi kí ẹ lè dá mi lẹ́jọ́ bó ṣe yẹ. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, Màdáámù ti sọ fún mi pé òun ti bá ọ̀gá kọ́ńpìnnì kan sọ̀rọ̀, pé wọn ò mọ mẹkáníìkì tí wọ́n á gbé àwọn ọkọ̀ akẹ́rù wọn fún, òun sì ti dárúkọ mi. Mo ti ń rí àwọn ọkọ̀ náà lójú àlá.

"Bàbá Ganiyat," ó ní, "ẹ̀yin lẹ ṣe onídùúró ọmọ yìí, ẹ̀yin náà lẹ̀ ń tún ọkọ̀ mi ṣe. Ẹ wojú mi. Ṣé ọkọ̀ ló ń mu epo ni, àbí ọmọ yín?"

Ọkàn mi lọ tààrà sínú agolo nọ́ọ̀tì.

Mi ò mọ̀ dájú pé ohun tí mo yọ ló fà á. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ dájú pé mi ò mọ ohun tí mo yọ. Tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, Màdáámù á bi mí pé kí ló dé tí mo fi yọ ohun tí mi ò mọ̀. Kò sí mẹkáníìkì tó lè dáhùn ìbéèrè yẹn kó tún rí ọkọ̀ akẹ́rù gbà. Màdáámù á sì tún pe Dagogo. Kí n má purọ́ fún yín, ti Dagogo ló dùn mí jù.

Mo la ẹnu mi. Mo ní, "Kò sí ohun tó ṣe ọkọ̀ náà."

Ẹ kíyè sí i, mi ò ní ó jalè. Ìyẹn ni mo fi ń tu ara mi nínú fún ìgbà pípẹ́.

Mùtíù wò mí bí ẹni tó ń dúró kí n parí ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tó rí i pé mo ti parí ẹ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Màdáámù, ó sì jáde. Màdáámù ní nítorí tèmi nìkan ni òun ò fi ní pe ọlọ́pàá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ pàápàá.

Nílé, Memunat gbé oúnjẹ fún mi. Ó dúró tì mí.

"Bàbá Ganiyat, ṣé Mùtíù jí epo?"

"Ọkọ̀ ò ṣe nǹkan kan."

"Mi ò béèrè ọkọ̀."

Mo ní kó bu omi fún mi. Ó bù ú. Láti ọjọ́ yẹn, ó ń se oúnjẹ mi lásìkò, iyọ̀ rẹ̀ ń pé, kò sì jókòó tì mí mọ́ nígbà tí mo bá ń jẹ ẹ́.

Mùtíù gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú ìpàdé àwa ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní Port Harcourt, èyí tí à ń ṣe lópin oṣù. Bàbá Ọ̀ṣẹ́nì, alága wa, ló ṣe ìwádìí. Mùtíù ro ẹjọ́ tirẹ̀ pé òun ò fọwọ́ kan epo ẹnikẹ́ni, pé ẹ̀gbọ́n òun yọ nǹkan kan lára ọkọ̀. Bàbá Ọ̀ṣẹ́nì yíjú sí mi, ó ní èmi tí mo jẹ́ ọ̀gá iṣẹ́, kí ni mo rí sí i?

Mo tún un sọ. Mo ní kò sí ohun tó ṣe ọkọ̀ náà. Tí èèyàn bá ti sọ nǹkan lẹ́ẹ̀kan, ti ẹlẹ́ẹ̀kejì kì í wúwo lẹ́nu.

Àwọn kan tó wà níjókòó lọ́jọ́ yẹn ń lọ sílé fún Iléyá. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń wọ mọ́tò. Kí wọ́n tó dúńbú ẹran, gbogbo àdúgbò wọn nílé ti gbọ́ pé Mùtíù ń jí epo ọ̀gá rẹ̀ ní Port Harcourt, àti pé ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gan-an ló jẹ́rìí.

Mùtíù kó kúrò nílé mi. Kò sí ẹni tó máa gba dírẹ́bà tí onídùúró rẹ̀ ti kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ní ó wà ní Choba, ó ń ru yanrìn níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa gbé.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ni Màdáámù bá ránṣẹ́ pè mí.

Ó ní òun ò tíì rí dírẹ́bà mìíràn, ìrẹsì òun sì gbọ́dọ̀ dé Trans-Amadi láràárọ̀. Ó ní èmi ni kí n máa wa ọkọ̀ náà ná. Mo ní mo níṣẹ́ lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ ní tí ọmọ yín bá ṣe ohun tí kò dáa, kí n wá mú yín. Mo ti mú yín."

Bí mo ṣe di dírẹ́bà nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ náà, mo wo géèjì epo kí n tó kúrò ní Elelenwo, mo tún wò ó nígbà tí mo dé Trans-Amadi. Mo rò pé ojú mi ló ń ṣe mí. Nígbà tí mo padà dé, mo rí i pé kì í ṣe ojú mi. Abẹ́rẹ́ géèjì náà ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó ń bọ̀ lórí àkàsọ̀. Mi ò yà síbì kankan, mi ò gbé èrò kankan.

Ẹ wo ibi tí mo bá ara mi. Tí epo bá tán kí ọ̀sẹ̀ tó tán, ohun méjì ni Màdáámù á rò. Yálà èmi náà ń jalè, tàbí ohun kan ń ṣe ọkọ̀ tí mo ní kò sí ohun tó ṣe é.

Mo yan ẹ̀kẹta. Mo lọ ra epo lẹ́bàá títì, mo sì ń dà á sínú ọkọ̀ Màdáámù.

Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń ṣe é, nígbà tí Màdáámù bá ti bá wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Gideon, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì rẹ̀, á ṣílẹ̀kùn fún mi, mo ti sọ fún un pé mo wá wo ẹ́ńjìnì. Mo ń gbé kẹ́ẹ̀gì epo kúrò nílé bí ẹni tó ń gbé omi Zamzam. Memunat rí mi níbi tó ti ń gbálẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó wo kẹ́ẹ̀gì náà, ó wo ojú mi, ó sì ń gbálẹ̀ rẹ̀ lọ.

Ẹ máa rò pé ọgbọ́n mi ṣiṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni aburú wà.

Màdáámù rí i pé epo rẹ̀ tún ti ń tó o lò. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní àwọn tó ń gbèjà Mùtíù tẹ́lẹ̀, kí ni wọ́n fẹ́ sọ báyìí? Ọkọ̀ kan náà, ọ̀nà kan náà, dírẹ́bà nìkan ló yàtọ̀, epo sì dúró. Ó sọ ọ́ fún àwọn tó ń bá a se oúnjẹ, ó sọ ọ́ fún Bàbá Ọ̀ṣẹ́nì nígbà tí wọ́n pàdé lọ́jà. Bàbá Ọ̀ṣẹ́nì wá sí ṣọ́ọ̀bù mi láti kí mi kú òótọ́.

Gbogbo kẹ́ẹ̀gì tí mo bá dà sínú ọkọ̀ yẹn, orí Mùtíù ni mò ń dà á sí. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo sì tún lọ ra òmíràn.

Lọ́jọ́ Àìkú tí àṣírí tú, mo ti gbé kẹ́ẹ̀gì náà lé orí ọkọ̀, mo ti ki rọ́bà gígùn bọ̀ ọ́, mo wá ń fi ẹnu fa epo wálẹ̀ kí n lè ti ẹnu rọ́bà bọ táǹkì. Pásítọ̀ wọn rìnrìn àjò lọ́jọ́ yẹn, wọ́n sì tètè parí ìsìn. Mi ò gbọ́ géètì. Ohùn Màdáámù ni mo gbọ́ lẹ́yìn mi.

"Bàbá Ganiyat. Kí lẹ̀ ń ṣe?"

Mo yíjú. Táǹkì ọkọ̀ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kẹ́ẹ̀gì wà lórí rẹ̀, rọ́bà wà lẹ́nu mi. Kò sí olè epo tí wọ́n máa ya fọ́tò rẹ̀ tó jọ olè tó bẹ́ẹ̀.

Epo wà lẹ́nu mi. Mo tu ú nù. "Mò ń da epo sí i, Màdáámù."

"Sí inú ọkọ̀ mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Epo ta ni?"

"Epo mi."

Ó bi Gideon bóyá ó mọ̀ pé mo wà níbí. Gideon ní òun mọ̀ ọ́n. "Baba dey come every Sunday," ó ní, "him and him keg."

Màdáámù mi orí. Ó ní látìgbà tí òun ti ń ṣòwò, òun ti rí olè tó ń kó nǹkan jáde, òun ò tíì rí èyí tó ń kó o wọlé. Ó gbé báàgì ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ fún Gideon, ó ká ìró rẹ̀ sókè díẹ̀, ó sì lóṣòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn, pẹ̀lú gèlè lórí.

"Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń pe àwa Ìjẹ̀ṣà," ó ní. "Òṣómàáló. Àwọn bàbá wa kì í jókòó, wọn kì í sì í kúrò lẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí wọ́n á fi gba ohun tó jẹ́ tiwọn. Ọ̀rọ̀ lẹ jẹ mí. Mo ti lóṣòó."

Mo rò ó wò. Tí mo bá ní olè ni mí, ọ̀rọ̀ á kúrú. Wọ́n á bú mi, wọ́n á lé mi, kò sì sí ẹni tó máa bèèrè nípa bóòtù tó wà lára sálẹ́ńsà. Mo rò ó dáadáa, kí n má purọ́. Mo fẹ́ jẹ́ olè ju kí n jẹ́ mẹkáníìkì tí kò mọṣẹ́.

Ṣùgbọ́n obìnrin náà ti darúgbó díẹ̀, orúnkún rẹ̀ sì ti ń gbọ̀n níbi tó lóṣòó sí, kò sì dìde. Ni mo bá sọ ọ́. Mo sọ ti iná, mo sọ ti gílóòbù, mo sọ ti ohun tó wà nínú agolo nọ́ọ̀tì. Mo ní Mùtíù ní ká pe ríwáyà, èmi ni mo kọ̀.

Màdáámù dìde. Kò bú mi. Ó ní kí Gideon lọ pe Dagogo, kí èmi sì lọ gbé agolo mi wá.

Ṣé ẹ rí Dagogo, ó wọ aṣọ ìsinmi, ó sì gbé àpótí iṣẹ́ rẹ̀ dání. Ó wo inú agolo mi, ó mú nǹkan náà jáde. Ó fi pílíásì dì í mú, ó so wáyà mítà rẹ̀ mọ́ ọn, ó tan iná tí wọ́n fi ń jó irin, ó sì fi iná náà yí orí rẹ̀ ká títí ó fi pọ́n. Gbogbo wa ń wo abẹ́rẹ́ mítà. Kò mira.

"E don die," ó ní.

Ó wá mú òmíràn nínú àpótí rẹ̀, èyí tó yọ lára ọkọ̀ kan tó forí sọgi. Ó ṣe é bákan náà. Bó ṣe gbé iná dé orí rẹ̀, abẹ́rẹ́ dìde. Ó gbé iná kúrò, abẹ́rẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ó gbé e padà, abẹ́rẹ́ tún dìde.

Dagogo ṣàlàyé fún Màdáámù, èmi náà sì ń gbọ́ bí ẹni tí kì í ṣe òun ni wọ́n ń bá wí. Ó ní sẹ́ńsọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ó ní inú èéfín ló máa ń wà, á máa gbóòórùn èéfín náà, tó bá rí i pé epo ti pọ̀ jù níbẹ̀, á ránṣẹ́ sí ọpọlọ ọkọ̀ pé kó dín in kù. Ó ní òjé tó wà nínú epo tí wọ́n ń tà fún wa ló ń pa á. Nígbà tó bá ti kú, tàbí tí wọ́n bá yọ ọ́, ọpọlọ ọkọ̀ ò mọ iye tó yẹ mọ́, á kàn máa bu epo sí i ṣáá, kí ẹ́ńjìnì má bàa kú sí i lọ́wọ́.

Ó wá yíjú sí mi.

"Baba, na the motor nose you comot."

Imú ọkọ̀ ni mo yọ, èmi tí mò ń fi imú tún ọkọ̀ ṣe. Mo ń retí kó rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun náà yọ èyí tí òun kọ́kọ́ rí, òun sì jù ú nù, pé ààtàn ni tòun wà. Mi ò tíì dárí jì í fún àánú yẹn.

Ó de tuntun náà síbẹ̀, ó so wáyà, ó dá gílóòbù padà. Iná tàn nígbà tó yí kọ́kọ́rọ́, nígbà tí ẹ́ńjìnì gbéra, iná náà kú fúnra rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, epo Màdáámù ń tó o lò, láìsí kẹ́ẹ̀gì mi. Ọkọ̀ akẹ́rù kọ́ńpìnnì ò wá sọ́dọ̀ mi. Ẹlòmíràn ló gbà wọ́n.

Mo lọ sí Choba. Mo bá Mùtíù níbi tó ti ń ru yanrìn, yanrìn ti wọ ojú àti irun rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó di apá mi mú, ó ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, pé àwọn ọmọ ibiṣẹ́ òun ń wò. Mo ní Màdáámù ní kó padà wá síbi iṣẹ́ rẹ̀.

Ó gbọn yanrìn kúrò lára òṣùká rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ ti sọ ti àkọ́kọ́?"

"Ní ìpàdé."

"Ẹ lọ sọ èyí níbẹ̀."

Mo lọ sọ ọ́. Mo dìde níwájú ìpàdé, mo ní Mùtíù ò jí epo, èmi ni mo ba ọkọ̀ jẹ́, èmi ni mo sì purọ́. Bàbá Ọ̀ṣẹ́nì kò jẹ́ kí n sọ ọ́ pẹ́. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹbí ni, pé ilé ọkọ àti ilé àna kì í gbé ara wọn lọ sí kóòtù. Ó ní kí n na ọwọ́ sí Mùtíù, kí Mùtíù na ọwọ́ sí mi. Ó ṣe àdúrà, wọ́n ní àmín, wọ́n pín ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Gbogbo èèyàn ń sọ pé ọ̀rọ̀ ti parí. Inú mi dùn lọ sílé.

Iléyá tó tẹ̀ lé e, Mùtíù lọ sílé. Nígbà tó dé, ó wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì jókòó sí ọ̀dọ̀ mi díẹ̀. Ó ní òun lọ bá ọkùnrin kan nílé tó fẹ́ fún èèyàn ní ọkọ̀ èrò wà. Ọkùnrin náà gbà á dáadáa, ó fún un lẹ́ran. Ó ní, "Mùtíù, mo gbọ́ pé wọ́n ti parí ọ̀rọ̀ epo yẹn. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n má bínú, mo ti ní ẹlòmíràn lọ́kàn."

Mo ní ṣé kò ṣàlàyé fún un ni?

"Kí ni kí n ṣàlàyé?" Mùtíù ní. "Ohun téèyàn bá parí, ó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń parí ohun tí kò ṣẹlẹ̀."

Ohun tí mo sọ lákọ̀ọ́kọ́ dé ilé odidi, bó ṣe jáde lẹ́nu mi. Èyí tí mo sọ gbẹ̀yìn, wọ́n gé e kúrú kó tó wọ mọ́tò.

Nítorí náà ni mo fi jókòó ti ìwé. Ọ̀rọ̀ tó bá wà nínú ìwé, ẹni tó bá kà á, bí mo ṣe kọ ọ́ ló máa bá a. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n, orí mi le, Memunat ló sì ń bá mi tan àtùpà. Ní báyìí, tí mo bá ń kọ̀wé, ó máa ń jókòó tì mí.

Mùtíù ti ní ọkọ̀ tirẹ̀, ó sì ń wà á fúnra rẹ̀. Kò gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi rí. Ọ̀dọ̀ Dagogo ló ń gbé e lọ, lódìkejì títì, á sì bọ́ sílẹ̀ wá kí mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá rí iná lójú dáṣíbọ́ọ̀dù yín, ẹ má yọ gílóòbù. Ẹ̀yin tí wọ́n bá sì bi ní ohun tẹ́ ẹ ò mọ̀, ẹ ní ẹ ò mọ̀ ọ́n, kódà kí ríwáyà wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin ará ilé mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀yin ni mo sì ń bá wí jù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ mọ́ pé wọ́n ti parí ẹ̀. A ò parí nǹkan kan. Mùtíù kò jí epo.